Ọwọ́ Tí Mo Fojú Wọ̀n

Èmi, Melchior Arnet, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tí mo ti ṣe olórí àfonífojì wa fún ọdún mọ́kànlá, ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ èyí. Àyà ń dùn mí, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ọkàn mi ni n kò lè búra sí.

1. Ilé òkúta ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì di ti Verena, aya mi. Verena, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán mi kọ́ sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀.

2. Màlúù mẹ́fà àti ìkòkò bàbà tí a fi ń ṣe wàràkàṣì di ti Regula, ọmọbìnrin mi. Òun ló ń fún wàrà nígbà tí èmi ń sọ̀rọ̀ kiri.

3. Idà mi, irú èyí tí ọkùnrin ilẹ̀ wa ń gbé wá sí pápá ìpàdé láti fi hàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kì í ṣe ti Kaspar ọmọ mi. Balz Tresch, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ni kí ẹ fún.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1867, a dìbò bóyá kí a gé igbó tó wà lókè abúlé Hinterlauen tà. Láyé àwọn baba wa, ẹnikẹ́ni kì í gé igi níbẹ̀, nítorí igbó náà ló ń dá yìnyín òkè dúró kó má bàa ya lu ilé àwọn ará abúlé náà. Balz kígbe sí mi: "Melchior, bó o bá fá irun òkè, ṣé fìlà rẹ lo máa fi dé e?" Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ egungun.

Ọwọ́ gòkè. A kì í ka ọwọ́ lọ́dọ̀ wa. Olórí ló ń fojú wọ̀n ọ́n, ohun tó bá sì wí, abẹ gé. Mo rí i pé àwọn tó ní kí igbó dúró ló pọ̀ jù. Mo kéde òdìkejì. Ọdún méje ni mo fi ń sọ fún ara mi pé oòrùn ló tàn sí mi lójú. Kò sí oòrùn lọ́jọ́ náà. Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n gé igbó náà. Lọ́dún kejì, yìnyín ya láti òkè, ó gbé ilé mẹ́rin lọ. Agatha, aya Balz, wà nínú ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, Balz dì mí lọ́wọ́ mú: "Melchior, má dára rẹ lẹ́bi. Àwa èèyàn la dìbò."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Lukas Imfeld, akọ̀wé, ìwọ ni mo fi ìwé yìí lé lọ́wọ́. Ka ìpín kẹta sókè ní ìpàdé tó bá tẹ̀lé ikú mi, kí ọwọ́ kankan tó gòkè. Kaspar tó ń du ipò mi yóò wà níbẹ̀. Kaspar, má bínú. Bí Balz bá kọ idà náà, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ lórí koríko níwájú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ya ìwé yìí. Eléyìí, àwọn ẹlẹ́rìí ni yóò mú un lọ fún Lukas lónìí, kí n má bàa tún un ya.

Melchior Arnet
Ogúnjọ́ oṣù Kẹta, ọdún 1874

Ẹlẹ́rìí: Crispin Herger, àlùfáà, Kilian Bissig, alágbẹ̀dẹ