Ìyàwó Ọmọ Mi Ṣì Ń Tọ́ Ẹ̀kọ Mi Wò

Olóòtú wa, Ọlọ́run ò ní gba ohùn lẹ́nu yín. Ẹ má dárúkọ mi o. Ẹ ṣá ní Alhájà kan ní Ìgàndo ni.

Látìgbà tí mo ti ṣe eyín góòlù ní Mẹ́kà ni egbò ò ti tán lẹ́nu mi. Mo ní ìyàwó ọmọ mi ló ń fi nǹkan sí ẹ̀kọ mi. Oṣù méje ni mo fi ní kó máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú mi. Kò jiyàn rí.

Dókítà eléyín wá fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó fi ránṣẹ́ sókè òkun fún àyẹ̀wò. Èsì dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè: irin tí wọ́n pò mọ́ góòlù náà ni ara mi ò gbà. Ìtìjú mú kí n fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ọmọ mi gbé ẹ̀kọ wá, ó kúnlẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún mi. Mo mu ún, mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Báwo ni ìyá ọkọ ṣe ń bẹ ìyàwó ilé? Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí láràárọ̀ ló ṣì ń tọ́ ọ wò.