Ìwé Dókítà Tí Màmá Fọwọ́ Sí: Ìgbésí Ayé Àlàájà Làtíífàt Àjọkẹ́ Àbdùlàhí (1952–2025)

Abúlé Ìdí-Arère, lọ́nà Lánlátẹ̀, ni a ti bí Àlàájà Làtíífàt Àjọkẹ́ lọ́dún 1952. Àkànó, bàbá wọn, jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu. Oyinadé, ìyá wọn, wá láti Ìgàngàn. Màmá kéwú, wọ́n ka ìwé mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mọ orúkọ ara wọn kọ. Ìmọ̀ kékeré yẹn ló padà wá kó bá wọn.

Ní 1971 ni wọ́n wọ ilé ọkọ wọn, Bàbá Àbdùlàhí, awakọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Èrúwà. Gàrí ni Màmá ń yan, ẹni tó bá sì ra tiwọn lọ́jà Lánlátẹ̀ kì í yọ òkúta lẹ́nu. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Mùínàt, Hàbíbàt àti Tàófíìk. Ní 1998, Mùínàt, àkọ́bí wọn, ń rọbí. Inú ọkọ̀ ló kú sí, tòun toyún, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà l'Érúwà. Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan ni Màmá fi ń parí ìrun wọn: kí Ọlọ́run jẹ́ kí dókítà gbé Ìdí-Arère lójú ayé àwọn.

Ní 2021, ìjọba ní dókítà tó bá gbà láti gbé ìgbèríko yóò máa gba owó kún owó oṣù rẹ̀. Màmá kó kúrò nínú yàrá iwájú, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì àti fáànù sí i. Wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. A kò mọ̀ pé àwa náà yóò san tiwa.

Dókítà dé, ó gbé oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bẹ́ẹ̀ owó ìgbèríko náà kì í jáde àfi kí olórí obìnrin abúlé fọwọ́ sí ìwé, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, pé dókítà ń bá wa gbé. Màmá ni olórí obìnrin. Wọ́n ń fọwọ́ sí i.

Hàkímù, àbúrò ọkọ wọn, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ń gún iyán de dókítà: "Ìyá Hàbíbàt, yàrá òfìfo kì í jẹ iyán o."

Màmá a ní: "Bí a bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọn á mú un lọ. Ta ni wọ́n máa rán wá dípò rẹ̀? Ẹlẹ́ẹ̀kan lóṣù sàn ju òfo lọ, Hàkímù."

Hàkímù a jókòó, a bá wọn jẹ iyán náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ síta nínú wa. Gbogbo abúlé la jọ bo àlejò láṣìírí.

A kò ní kọ "àìsàn ránpẹ́" síbí, bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdé, 11 oṣù kẹta, 2025, Màmá ń jọ gàrí, orí fọ́ wọn, ẹnu wọn wọ́. Keturah, nọ́ọ̀sì abúlé wa, pe dókítà lórí fóònù. Ó ní Ìbàdàn lòun wà, kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí Èrúwà. A gbé wọn sórí ọ̀kadà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Lánlátẹ̀ ni wọ́n jáde láyé.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni dókítà ti ní kí Màmá bá òun fọwọ́ sí ìwé oṣù kìíní dé ìkẹta sílẹ̀, nítorí òun ń kánjú. Nínú ìwé ìjọba, dókítà wà ní Ìdí-Arère lọ́jọ́ tí Màmá kú. Orúkọ Màmá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Màmá fi Hàbíbàt sílẹ̀, tó jẹ olórí obìnrin lẹ́yìn wọn, àti Tàófíìk, tíṣà n'Ígbó-Ọrà, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Aliyyah, ọmọ Hàbíbàt, wà nínú oyún oṣù méje.

Dókítà kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí wa. Ìwé oṣù mẹ́ta tuntun wà nínú àpòòwé kan náà. Hàbíbàt kò fọwọ́ sí i. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì dókítà, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún Aliyyah. Bí dókítà bá fẹ́ ìwé rẹ̀, kó wá gbà á níbẹ̀, kó sì sùn níbẹ̀ títí Aliyyah yóò fi bímọ.

Àjọkẹ́, ọmọ Àkànó, ọwọ́ yín ti bọ́ nínú ìwé. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà ṣe ilé yín. Ẹ sùn re.