Ilé-Iṣẹ́ Inú Pálọ̀ Mi

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣòfin pé ilé-iṣẹ́ tó bá wá sí abúlé wa, tó sì gba àwọn ọmọ ibẹ̀ síṣẹ́, kò ní san owó orí fún ọdún mẹ́wàá. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan nígboro, bá wọn háyà pálọ̀ mi. Wọ́n gbé tábìlì àti kọ̀ǹpútà kan síbẹ̀, wọ́n kan pátákó orúkọ wọn mọ́ ògiri, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó pé oṣù mẹ́jọ báyìí.

Àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ níwèé ṣì ń kanlẹ̀kùn láràárọ̀ pé, "Mà, ṣé wọ́n ti dé?"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn aṣojú ìjọba fẹ́ wá wo iṣẹ́ náà. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà jókòó síbẹ̀, kí ẹ máa tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ ní ẹ̀yin ni akọ̀wé."

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà tí kò ní wáyà?"

Ó ní, "Ta ló fẹ́ wo ìdí ẹ̀?"

Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ́mọ mẹ́rin. Bí mo bá parọ́, ojú wo ni n ó fi wo àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi náà ń gbọ́ yín lọ́wọ́. Èmi ni mo ní kó tan rédíò rẹ̀ lónìí.