Ògiri Tí Mo Ń Gùn ní Festac

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni Olúgbóyèga ọmọ abúlé wa pa fún yín. N kò di olè, n kì í sì í fo ògiri onílé. Inú gbọ̀ngàn kan tó ti ṣófo láti ìgbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún Festac ti lọ ni ògiri tí ó ti rí mi wà; wọ́n kan ègé igi mọ́ ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí a lè máa gùn ún. Mo kí yín o, mo kí Bàámi, àìsàn kò ní mọ ilé wa.

Bọ̀dá Ọláníran, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ń fi eré kọ́ wa bí a ṣe ń gùn ún. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá dún lára igi, wàá sọ̀ kalẹ̀ lọ tún un bẹ̀rẹ̀. Eré ológbò nìyẹn. Nínú òmíràn, a ó di ọsàn mú lọ́wọ́ méjèèjì kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ pé òun ló ni iṣẹ́. Ẹ má bèèrè ohun tí à ń lọ mú lókè, Màámi. Kò sí ẹyìn, kò sí ẹmu. A ó fọwọ́ kan àjà, a ó sọ̀ kalẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n so okùn mọ́ mi nídìí. Okùn náà gba orí irin kan lókè padà sọ́wọ́ Bádrù nílẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń ta mílíìkì ní Agboju. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo ṣe bí Bàámi ṣe kọ́ mi lórí ọ̀pẹ: mo fara ti okùn sẹ́yìn, mo tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Mo ṣe bí igbà ni. Ṣùgbọ́n igbà a máa yí ọ̀pẹ po. Èyí, ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀.

Mo ń já bọ̀, Bádrù ń gòkè. Okùn ń bó o látẹ́lẹwọ́, kò jù ú sílẹ̀, ó kàn ń bú mi pé ará oko, ṣé mo rò pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà ni. Bọ̀dá gbá a mú níbàdí. Àyìnkẹ́ tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ nù, ó dì mọ́ Bọ̀dá. Àwọn ará ìta rọ́ wọlé, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn lẹ́yìn. Mo ń kà wọ́n láti òkè, ẹnì kan, ẹni méjì, ẹni mẹ́fà, títí mo fi dákẹ́ kíkà tí mo bú sẹ́kún. Ẹnu ọ̀nà ni Olúgbóyèga dúró sí. Kò wọlé.

Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé kíá. N kò ní wá. Ọwọ́ Bádrù méjèèjì wà nínú báńdéèjì, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń bu omi àlùwàlá sí i lẹ́sẹ̀. Owó ọkọ̀ tí Bàámi fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi ra àdí àgbọn fún un. Bí ẹ bá sì ń gbàdúrà fún mi láàárọ̀, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá.

Ọlọ́run kò ní gba ẹni tó ń di okùn yín mú lọ́wọ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ajíbọ́lá.