Kòkó Bàbá Mi Ni Wọ́n Ní Kí N Gé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú làálàá ètò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ wádìí orúkọ mi. Ọmọ Òkèrèwè nílé Ifẹ̀ ni mí.

Lọ́dún 1994 tá a wà yìí, àwọn tó ń wa wúrà fi tipátipá gba oko kòkó bàbá mi. Nígbà tí kò sóko mọ́, mo lọ tọrọ iṣẹ́ lébírà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá wọn ní, "Ìwé mélòó lo kà?" Mo ní ìwé mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró lẹ́nu géètì kó tó sọ pé, "Ó dáa, gba àdá."

Mo ṣebí ilẹ̀ la fẹ́ gbẹ́. Àṣé kòkó tí èmi àti bàbá mi jọ gbìn ni wọ́n ní kí n gé. Mo gé e, nítorí ìyàwó mi lóyún.

Nígbà tí mo délé, mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Ojú wọn sì ríran kedere o! Láti oṣù méjì sẹ́yìn, wọn ò dáhùn ìkíni mi mọ́.

Bí mo bá fiṣẹ́ sílẹ̀, kòkó ò ní hù padà, ebi á sì pa wá. Ìyàwó mi yóò bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni yóò bá mi sọ ọ́ lórúkọ?