Mo Kí Kọ̀ǹpútà, Kò Dáhùn

Lọ́ńdọ̀nù, 1986

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò mi o. Ara mi le.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá sí ilé ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn á tẹ ohun tó ń wá, ìdáhùn á yọ lójú gíláàsì, ọ̀rọ̀ lásán láìsí àwòrán. Ọ̀gá ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò ló máa jókòó tì í.

Mo kọ́kọ́ tẹ “Ẹ káàárọ̀.” Ṣé a lè bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tá ò tíì kí? Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí i.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín: “Ojúọlá, kì í ṣe èèyàn o!”

Mo tẹ “Abeokuta.” Orúkọ ìwé mọ́kànlá yọ!

Èmi ló ń jókòó tì í báyìí. Ọwọ́ mi ti kúrò nínú omi ọṣẹ tí mo fi ń fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ máa sọ fún wọn n'Ítòkú pé akọ̀wé ni mí. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn aláró. Àwọn á dáhùn.

Ọmọ yín,
Ojúọlá