Àpò Ewé Mẹ́sàn-án

Lẹ́bàá Kettering,
Ìpínlẹ̀ Maryland,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àdíját,

Mo kí yín, mo kí ilé, mo kí àwọn ọmọ. Ìbàdí tó ń dùn yín ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Ara àwa náà le, a dúpẹ́. Kamilah ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ó wà ní ọsibítù níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, wákàtí méjìlá ló fi ń dúró lórí ẹsẹ̀. Èmi náà ṣì ń wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn aláìsàn kíndìnrín lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Abísọ́lá, tí òun àti Kamilah jọ ń ṣiṣẹ́, ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Àìkú, òun ni yóò mú ìwé yìí fún yín. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti fóònù lọ, n kò sì fẹ́ kí Màmá wa gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Kí n tètè sọ ọ́: Màmá ń bọ̀ nílé. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, dọ́là 1,186. Mo mọ̀ pé ọkàn yín kò ní balẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ ní kí n mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ìbàdí yín kò jẹ́ kí ẹ lè dìde dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo lé ìyá mi jáde nílé.

Ẹ mọ Màmá wa. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ìgbálẹ̀ ló kàn. Inú àpótí ni wọ́n gbé ìgbálẹ̀ tiwọn sí wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n fi òwú pupa so ìdí rẹ̀. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó lásán, torí koríko nìkan ló wà nínú àgbàlá wa. Ṣùgbọ́n igi ńláńlá pọ̀ ládùúgbò yìí. Bó bá di oṣù Kẹwàá, ewé gbogbo wọn á pọ́n, á máa já wálẹ̀ bí òjò. Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí i, ojú wọn tàn. Wọ́n ní, "Rasaq, àṣé iṣẹ́ wà níbí!" Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín wọn gidi.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kánsù ìlú kékeré wa yìí ń kó ewé. Èèyàn á kó o sínú àpò pépà, á gbé e síwájú ilé, ọkọ̀ á wá gbé e ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n kọ̀wé pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, onílé kọ̀ọ̀kan yóò máa san dọ́là 84 lọ́dún, àpò kọ̀ọ̀kan yóò sì tún jẹ́ dọ́là 3.25. Owó orí ilé tí à ń san kò dín kù o. Mo mú bírò. Ewé àgbàlá wa kì í ju àpò mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló sì fi ń já. Ọgbọ̀n àpò jẹ́ 97.50, mo fi 84 lé e, ó di 181.50. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ nínú owó bàtà tí mo fẹ́ rà. N kò sọ fún Màmá. Mo ní kí ni mo fẹ́ máa fi owó ewé da àgbàlagbà láàmú sí.

Oṣù Kọkànlá wọlé, bílì dé: àpò mẹ́rìndínlógójì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Dọ́là 117, pẹ̀lú 84, ó jẹ́ 201. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àpò méjìlá ló yẹ kó jẹ́. Mo gba àyè ìdajì ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó ná mi ní dọ́là 76, mo lọ sí ọ́fíìsì kánsù láti bá wọn jà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ bínú. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó fi fọ́tò hàn mí: ilé wa, nọ́ńbà ilé wa, àpò mẹ́sàn-án tó tò bí ọmọ ilé-ìwé. Ó ní, "Sà, iwájú ilé tí àpò bá wà la máa ń kọ ọ́ sí." Mo ní mẹ́ta ni tiwa. Ó ní, "Ta ló wá ni mẹ́fà tó kù?" Mo san án, mo jáde.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Nígbà tí mo padà délé lọ́sàn-án, mo rí ohun tí n kì í rí, torí aago márùn-ún àárọ̀ ni mo máa ń jáde. Màmá wà níwájú ilé Miss Verna, ìyá àgbàlagbà adúláwọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbá ewé. Miss Verna di ẹnu àpò mú fún wọn. Àpò náà, tirẹ̀ ni, ó ti kó o jọ láti ìgbà ọ̀fẹ́. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Nígbà tí àpò kún, Màmá wọ́ ọ kọjá títì, wọ́n sì gbé e síwájú ilé wa. Bí wọ́n ti ń ṣe fún aládùúgbò mẹ́ta nìyẹn, lọ́jọ́ Ajé àti láàárọ̀ Ìṣẹ́gun kí ọkọ̀ tó dé.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò fi ti Miss Verna sílẹ̀ níwájú ilé Miss Verna?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Kí n gbálẹ̀ tán, kí n wá kó ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà ọmọlọ́mọ? Ṣé ìjà ni mo ń wá ni?" Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo ṣàlàyé owó fún wọn. Wọ́n ní, "Ewé? Ta ló ń ta ewé?" Mo ní kì í ṣe títà, gbígbé rẹ̀ ni à ń sanwó fún. Wọ́n ní, "Kí wọ́n má gbé e mọ́ nígbà náà. Ta ló bẹ̀ wọ́n?"

Mo tọ ọkùnrin tó ń gbé lápá ọ̀tún wa lọ, bóyá yóò san ti àpò tirẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ òun ni òun fi máa ń lọ ewé mọ́ koríko, á di ajílẹ̀, òun kì í san kọ́bọ̀ lórí àpò. "N kò bẹ ìyá rẹ níṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi." Òótọ́ ló sọ. Ti apá òsì kò ṣílẹ̀kùn. Miss Verna ní tirẹ̀ ṣí pọ́ọ̀sì. Mo rí ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ní kó pa á dé.

Ni mo bá ṣe ohun tí mo ń kábàámọ̀. Mo kó àpò mẹ́sàn-án tó wà níta wọ gáréèjì ilé wa kí ọkọ̀ kánsù tó dé. Mo yá ẹ̀rọ ọkùnrin yẹn, mo lọ gbogbo ewé àgbàlá wa mọ́lẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé, "Ẹ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Mo rò pé oore ni mo ṣe.

Wọ́n sinmi. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti àárọ̀ títí mo fi ń dé, ọwọ́ wọn lórí itan. Bí Kamilah bá ṣe gbé oúnjẹ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò bá a. Orúnkún wọn wú. Dókítà gba dọ́là 40, ó ní òun kò rí àìsàn kankan. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Rasaq, níbi tí ẹ wà yìí, kí ni àgbàlagbà ń ṣe?"

Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn, ọgbọ́n tí kò ní ná mi ní nǹkan kan. Ewé ti ń já tán lórí igi nígbà náà. Láàárọ̀, kí n tó jáde, mo tú àpò méjì sórí koríko, mo fi ẹsẹ̀ fọ́n ewé náà ká bí ẹni pé atẹ́gùn ló gbé e wá. Mo ní, "Màmá, ewé ti dé o. Àgbàlá wa nìkan ni kí ẹ gbá, kí ẹ kó o sí gáréèjì, èmi yóò gbé e fún kánsù." Lọ́jọ́ kejì mo tú méjì mìíràn. Bí àpò mẹ́sàn-án náà bá yí po tán, màá tún bẹ̀rẹ̀ látorí èkíní. Màmá padà sí ẹnu oúnjẹ. Wíwú orúnkún wọn lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, kọ́bọ̀ kò jáde lápò mi. Kí n sọ òtítọ́, mo ń yin ara mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dé, mo bá wọn nínú gáréèjì lórí àpótí kékeré. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Òwú pupa kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Ó já lára ìgbálẹ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú ewé òní ni mo ti bá a." Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, tí o kì í jẹ́ kí n mí, mo máa ń ní kí o bá mi ṣa ẹ̀wà. Bí o bá ti ṣà á tán tí o yíjú, màá da òkúta padà sínú rẹ̀. Inú rẹ á máa dùn, o ń báṣẹ́ lọ." Wọ́n fi òwú náà lé mi lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ọmọdé lo nígbà yẹn, Rasaq."

Wọ́n dìde, wọ́n fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, wọ́n ní kí n wá ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn relé. Mo bẹ̀bẹ̀. Kamilah kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n máa gbá ti gbogbo àdúgbò, èmi yóò san án. Wọ́n ní, "Ní báyìí tí mo ti mọ iye rẹ̀?"

Ẹ wo ìṣirò tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀. Ká ní mo jẹ́ kí Màmá gbá gbogbo rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá fi pé, 376.50 ni kánsù ì bá gbà. Mo san 201. Mo ti jèrè 175.50 nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 1,186. Mo wá ibi tí mo ti ṣì í títí. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu.

Ogúnjọ́ oṣù yìí ni wọn yóò gbéra níbí, wọn yóò dé Èkó lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ pé ẹ kò lágbára ìtọ́jú. Èmi yóò máa fi dọ́là 120 ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí ẹ fi gba ọmọbìnrin tí yóò máa se oúnjẹ. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: kó má gbálẹ̀ àgbàlá. Bó ti wù kó dọ̀tí tó, bí àlejò tilẹ̀ ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ títí Màmá yóò fi kírun tán.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìbàdí tí yóò máa gbé yín dìde. Kó gbé Màmá délé láìfarapa. Kó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi ọgbọ́n tí kò ná wọn lówó tọ́jú wa lọ́jọ́ alẹ́ wa. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Rasaq.

Mo tún rántí: Lóṣù tó kọjá, ẹ sọ pé ewé igi máńgòrò inú àgbàlá ti sú yín, pé ẹ ti san owó sílẹ̀ fún agégi. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí nítorí rẹ̀, fóònù yín kò wọlé. Bí kò bá tíì gé e, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró. Bí kò bá fẹ́ dá owó náà padà, ẹ jẹ́ kó máa mú un lọ. Èmi yóò fi í ránṣẹ́ sí yín. N kò ní béèrè iye tó jẹ́.